Fáàfù ọkàn ọmọ mi ń jò: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

ÌyáTómi
Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń kà níbí láìkọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi báyìí.

Tómi, ọmọ mi ọkùnrin, ti pé ọmọ ọdún 6. Fáàfù aorta rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn bọ́ sínú aorta, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń gbé e lọ sí gbogbo ara, ewé méjì ló ní dípò mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, àwọn ewé náà sì lẹ̀ mọ́ra débi pé ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ rọ́nà gbà. Nígbà tó pé ọjọ́ 11, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní bàlúùnù lórí gba itan rẹ̀ wọlé dé inú ọkàn, wọ́n sì fi fẹ ọ̀nà náà. Ohun tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí nìyẹn. Àmọ́ láti ìgbà náà ni fáàfù yẹn ti ń jò. Lọ́dún tó kọjá, jíjò náà pọ̀ sí i, echo tó ṣe kẹ́yìn, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn, sì fi hàn pé yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì ti ń fẹ̀.

Dókítà ní àkókò iṣẹ́ abẹ ti tó. Ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀ fún wa: kí wọ́n gbìyànjú láti tún fáàfù tirẹ̀ gan-an ṣe, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní Ross, tàbí kí wọ́n fi fáàfù onírin sí i. Ó ní ká lọ rò ó, ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Látọjọ́ náà, oorun ò kun ojú mi. Tómi ń sáré kiri ilé, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jà, ẹ ò lè wò ó kẹ́ ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la èyí kọjá, kí lẹ bi dókítà? Kí ló sì wà níbẹ̀ tí ẹ ò bi í, tó wá ń dùn yín?

Adúrótini
Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Ìyá Tómi, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ò la irú rẹ̀ kọjá o, ọmọ àbúrò mi ló ní fáàfù tó há díẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé, bí ọmọ bá ń sáré tí kò rẹ̀ ẹ́, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ là á láyà nísinsìnyí? Ṣé kò ní dáa kó dàgbà díẹ̀ sí i ná?

Nọ́ọ̀sìÀgbà
Ọjọ́ Ajé, 12:40 ọ̀sán

Adúrótini, ọ̀pọ̀ òbí ló ń bi wá ní ìbéèrè yẹn, ó sì tọ́ kí wọ́n bi í. Ọdún 14 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún.

Bí fáàfù bá há, ọkàn a máa fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹran ara rẹ̀ a sì máa nípọn. Bó bá ń jò, ìdajì ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde lè padà wọlé, ọkàn a wá máa gbé ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, yàrá yẹn a sì máa fẹ̀ bí àpò tí wọ́n ń kó nǹkan sí lójoojúmọ́. Ara ọmọdé lágbára láti fara dà á. Ó lè máa sáré, kó máa fò, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí àárẹ̀ bá fi máa hàn lójú, ẹran ọkàn lè ti pàdánù agbára kan tí kò ní í padà tán, kódà bí wọ́n bá tún fáàfù ṣe lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń tẹ̀ lé ìwọ̀n tó wà lórí echo ju eré tí ọmọ ń ṣe lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín náà ní apá tirẹ̀ tó jóòótọ́. Kò sí dókítà tó fẹ́ yára gbé fáàfù àtọwọ́dá sínú ọmọ kékeré, torí pé ọmọ á dàgbà, fáàfù ò ní í dàgbà. Wọ́n ń wọn ewu méjì lọ́wọ́ kan náà ni.

Ìyá Tómi, ẹ ní kí wọ́n fi ìwọ̀n yàrá òsì rẹ̀ ti ọdún méjì sẹ́yìn wé ti ìsinsìnyí níṣojú yín. Ẹ bi dókítà oníṣẹ́ abẹ náà pé mélòó lòun fúnra rẹ̀ ti ṣe fún ọmọ tó kéré tó báyìí, àti pé mélòó nínú wọn ló padà wá fún iṣẹ́ abẹ mìíràn. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú jù lọ ni pé, lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dárúkọ, kẹ́ ẹ béèrè pé, "Bí èyí bá tó àkókò tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí lẹ máa ṣe tẹ̀ lé e?" Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo kọ́ lẹ ń yàn yìí. Òun àti èyí tó máa tẹ̀ lé e lẹ jọ ń yàn.

Ó ku ẹyọ kan. Fáàfù ewé méjì yìí ni àbùkù ọkàn àbímọ́ tó wọ́pọ̀ jù láyé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹnì kan tàbí méjì ló ní in, ó sì máa ń wà nínú ẹbí. Bí ẹnì kan bá ní in, nínú òbí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló máa ń ní in pẹ̀lú. Ṣé ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ti ṣe echo? Ẹ̀gbọ́n tó ń bá jà náà ńkọ́?

BàbáLará
Ọjọ́ Ajé, 1:25 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi ìrètí díẹ̀ kún un. Fáàfù tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ni ti Lará tèmi, ó há gan-an nígbà tó wà ní oṣù 8. Bàlúùnù yẹn náà ni wọ́n fi ṣe é. A sun ọjọ́ kan péré lọ́dọ̀ wọn, a sì gbé e lọ sílé. Ó ti pé ọmọ ọdún 9 báyìí, wọn ò tún fọwọ́ kàn án mọ́ àfi kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Tómi, ẹ bi wọ́n bóyá bàlúùnù ẹlẹ́ẹ̀kejì lè yanjú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n là á láyà.

Dókítà_Kékeré
Ọjọ́ Ajé, 4:51 ìrọ̀lẹ́

Bàbá Lará, inú mi dùn sí ìròyìn Lará. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Ohun tí bàlúùnù ń ṣe kò ju pé ó ń ya àwọn ewé tó lẹ̀ mọ́ra. Fáàfù tó há ló wúlò fún. Fáàfù tó ń jò ni ti Tómi báyìí, bí wọ́n bá tún fi bàlúùnù fẹ̀ ẹ́, jíjò náà ni yóò pọ̀ sí i.

Lórí fáàfù tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, àwọn oníṣègùn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tí Jean Kan ṣáájú wọn, ló ròyìn ọ̀nà yìí lọ́dún 1982, láti ìgbà náà ló sì ti rọ́pò iṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tó ní in. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tì lápá ẹ̀dọ̀fóró kéré, bó bá tiẹ̀ jò díẹ̀ lẹ́yìn bàlúùnù, ara á gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apá aorta kì í gbà bẹ́ẹ̀. Kódà lápá ẹ̀dọ̀fóró, ewé àwọn ọmọ kan nípọn bí awọ bàtà, irú èyí tí àwọn tó ní Noonan, àrùn àbímọ́ kan, máa ń ní, bàlúùnù kì í sábà ràn án, abẹ ló ń gbà.

BàbáLará
Ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ó yé mi. Ẹ ṣeun, dókítà. Mi ò mọ̀ pé ó lè mú un burú sí i.

Àbẹ̀kẹ́84
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:33 àárọ̀

Èmi ni kẹ́ ẹ bi nípa fáàfù onírin. Onírin la ń pè é, àmọ́ irú kábọ́ọ̀nù líle kan ni wọ́n fi ṣe àwọn ewé rẹ̀. Lọ́dún 1960 tí Albert Starr àti Lowell Edwards kọ́kọ́ ṣe tiwọn ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù kékeré kan nínú àgò ni. Tèmi jẹ́ pẹlẹbẹ méjì tó ń ṣí tó ń pa dé.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí wọ́n fi sí mi. Ẹyọ kan náà yẹn ló ṣì wà nínú mi lẹ́yìn ọdún 27. Kò bàjẹ́, kò gbó. Lálẹ́ tí ilé bá pa rọ́rọ́, mo ń gbọ́ ọ, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí aago ọwọ́. Ó kọ́kọ́ ń já mi láyà, ní báyìí tí mi ò bá gbọ́ ọ ni mi ò lè sùn.

Ohun tí mò ń san fún un ni warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lójoojúmọ́ ni, títí ayé. Láìsí i, ẹ̀jẹ̀ lè dì sára fáàfù, kó dè é mọ́lẹ̀, tàbí kó já lọ sí ọpọlọ, kó di rọpárọsẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láti mọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní INR, bó bá ṣe ga tó ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Ti èmi tó jẹ́ fáàfù aorta gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 3, ti àwọn tí tiwọn wà ní fáàfù mitral, èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti ìsàlẹ̀ lápá òsì, máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn apakòkòrò lásán lè gbé nọ́ńbà yẹn sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ewébẹ̀ tútù tí mo bá ṣàdéédé jẹ púpọ̀ lè fà á wálẹ̀. Mi ò lo oògùn ara ríro kankan láìbéèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ bí obìnrin, ẹ fetí sí mi. Warfarin lè ṣe ọlẹ̀ inú ní jàǹbá, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 oyún. Bí èèyàn bá pa á tì, fáàfù wà nínú ewu. Odidi ọdún kan ni èmi, dókítà ọkàn àti dókítà aboyún fi jọ ṣètò kí n tó lóyún ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo gbà, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ léraléra. Ẹnikẹ́ni ò bá ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 13. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, bóyá ohun kan náà ni a ò bá yàn, ṣùgbọ́n à bá ti mọ̀.

Ìyá Tómi, ní ọdún 13, ọ̀nà aorta mi gba fáàfù ìwọ̀n àgbàlagbà. Ti ọmọ ọdún 6 kò lè gbà á bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n fẹ ojú ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á tún là á láti fi èyí tó tóbi sí i. Ọmọ tó ń fò tó ń ṣubú tó ń forí gbá nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì ń tètè dá, ẹ ro ìyẹn náà.

ÌyáTómi
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ béèrè: mo gbọ́ pé fáàfù tí wọ́n fi ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe wà, tí kò nílò warfarin títí ayé. Kí ló dé tí dókítà wa ò dárúkọ ẹ̀? Ṣé kò tiẹ̀ sí fáàfù kankan tó lè bá ọmọ dàgbà ni?

Dókítà_Kékeré
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 alẹ́

Ó wà, ó sì dára fún àgbàlagbà. Ara ọmọdé ló ń yára sọ ọ́ di líle, kálísíọ́mù á kún orí rẹ̀, ó sì lè bàjẹ́ láàárín ọdún díẹ̀. Ìdí tí wọn ò fi kà á mọ́ ọn nìyẹn.

Nípa fáàfù tó ń dàgbà, méjì ni mo mọ̀. Ọ̀kan ni ti Ross, ẹni tó ti ṣe é á ṣàlàyé ẹ̀ jù mí lọ. Èkejì ṣì tuntun. Lọ́dún 2022, ní ilé ìwòsàn yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Joseph Turek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ àwọn fáàfù tó ṣì wà láàyè lára ọkàn tí wọ́n fi tọrẹ, wọ́n sì rán wọn mọ́ ọkàn ọmọ tuntun kan tí òpó ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ti jáde láti inú ọkàn rẹ̀ dípò méjì. Wọ́n ròyìn rẹ̀ lọ́dún 2024 pé àwọn fáàfù náà ń dàgbà pẹ̀lú ọmọ náà. Ó gba kéèyàn máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀yà ẹlòmíràn, ọmọ tó lè bá irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ pàdé lásìkò kò sì pọ̀. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ dúró dè é.

Akínkanjú
Ọjọ́rú, 2:08 ọ̀sán

Ross ni tèmi. Mo ti pé ọdún 28, wọ́n ṣe é fún mi lọ́mọ ọdún 9.

Donald Ross ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967. Wọ́n á yọ fáàfù aorta tó ti bàjẹ́ kúrò. Wọ́n á wá gbé fáàfù aláìsàn fúnra rẹ̀ tó wà lápá ẹ̀dọ̀fóró, tí kò ní àléébù, wọ́n á rán an sí ipò aorta. Wọ́n á sì fi fáàfù tí ẹnì kan tó ti kú fi tọrẹ dí àyè tó ṣófo lápá ẹ̀dọ̀fóró. Torí pé ẹran ara rẹ ni èyí tó wà ní aorta, ó ń dàgbà. Mi ò lo warfarin lọ́jọ́ kan rí. Mo gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì náà, torí wọn kì í sọ ọ́ kó dún ketekete. Ẹni tó ní wàhálà fáàfù kan tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ní wàhálà méjì. Fáàfù olóògbé yẹn kì í dàgbà. Tèmi ti le nígbà tí mo pé 21. Wọn ò là mí láyà mọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ itan ni wọ́n gbé òmíràn gbà, tí wọ́n ti ká pọ̀ sára rọ́bà. Wọ́n fi òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn màlúù ṣe irú fáàfù bẹ́ẹ̀, Philipp Bonhoeffer ló kọ́kọ́ fi sára èèyàn ní ọ̀nà yìí ní Faransé, lọ́dún 2000. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọlé, Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ sílé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ṣì ń wọn ojú ibi tí wọ́n rán mọ́ aorta, torí ó lè máa fẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gé wọn kúrò, kí wọ́n sì tún wọn rán padà. Ẹ má ṣe gbé ọmọ yín fún ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

ÌyáMofẹ́
Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe, òun sì ni dókítà yín kọ́kọ́ dárúkọ.

Ti Mofẹ́ ò jọ ti Tómi. Àrùn Ebstein ló bí i mọ́, èyí tí Wilhelm Ebstein, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe lọ́dún 1866. Fáàfù tricuspid, tó wà láàárín yàrá òkè àti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àwọn ewé rẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀ wọ inú yàrá, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ń jò yàà. Ètè ọmọ mi a máa dúdú bó bá sunkún, ọkàn rẹ̀ a sì ṣàdéédé máa sáré, mo lè fi ọwọ́ kà á lórí aṣọ.

Àwọn àgbà níbí mọ̀ pé nígbà kan, pípààrọ̀ ló pọ̀ jù. José Pedro da Silva, ará Brazil, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀nà mìíràn lọ́dún 1993: ó ń bó àwọn ewé náà kúrò lára ògiri, ó ń yí wọn, ó sì ń rán wọn pọ̀ bí àrọ, kí wọ́n lè pàdé ara wọn. Ohun tí wọ́n ṣe fún Mofẹ́ lọ́mọ ọdún 5 nìyẹn. Ẹran ara rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ó ti pé 12.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ béèrè rèé. Kí wọ́n tó pa àyà Mofẹ́ dé, wọ́n gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ki ẹ̀rọ echo wọlé láti wo àtúnṣe náà nígbà tí ọkàn ti ń lù fúnra rẹ̀. Ó ṣì ń jò ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n dá a padà sórí ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́, wọ́n tún un rán. Ẹ bi dókítà yín: "Bí àtúnṣe yín ò bá tẹ́ yín lọ́rùn lórí tábìlì, kí lẹ máa ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an?" Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn náà wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Dókítà_Kékeré
Ọjọ́bọ̀, 6:12 àárọ̀

Mo dúpẹ́ pé Ìyá Mofẹ́ sọ èyí. Lórí fáàfù aorta, ohun tí àtúnṣe sábà máa ń jẹ́ ni pé wọ́n á ya ibi tó lẹ̀ mọ́ra níwọ̀nba, wọ́n á gé ibi tó nípọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sì fi díẹ̀ lára awọ tó bo ọkàn ọmọ náà ṣe àfikún sí ewé tó kúrú. Awọ yẹn kì í dàgbà, ó sì lè le bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ọ̀pọ̀ ló máa nílò iṣẹ́ abẹ mìíràn. Èrè rẹ̀ ni pé ó ń ra ọdún. Bí ọmọ bá fi àtúnṣe dé ọdún 13 tàbí 14, ọ̀nà aorta rẹ̀ ti fẹ̀, Ross ṣì wà nílẹ̀, fáàfù ìwọ̀n àgbàlagbà náà ti lè wọlé. Kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan.

Ọláòtán
Ọjọ́bọ̀, 11:57 alẹ́

Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi bá ti Ìyá Tómi mu, ṣùgbọ́n mi ò lè kà á kọjá kí n dákẹ́.

Àrùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní Fallot ni wọ́n bí mi pẹ̀lú ẹ̀. Ihò wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró há. Lọ́dún 1954 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Lillehei, kọ́kọ́ tún un ṣe pátápátá ní Minnesota ní Amẹ́ríkà. Wọn ò tíì ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ tí wọ́n lè gbọ́kàn lé níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n so òpó ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà mọ́ ti àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ dá, kí ọkàn onítọ̀hún máa ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Mo máa ń ro ti ẹni tó gbà láti dùbúlẹ̀ yẹn.

Wọ́n ṣe tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 2. Kí ọ̀nà lè fẹ̀ dáadáa, wọ́n la ojú fáàfù ẹ̀dọ̀fóró kọjá, wọ́n fi awọ lẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni pé mi ò ní fáàfù tó ń pa dé lápá ibẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ fún àwọn òbí mi pé ó ti tán. "Ó ti tán" yẹn ni a fi sílé. Mo dàgbà, a kó kúrò níbi tí a wà, mi ò rí dókítà ọkàn fún ọdún 16. Mo ṣubú lulẹ̀ níbi iṣẹ́ nígbà tí mo pé 31. Yàrá ọ̀tún ọkàn mi ti fẹ̀ débi pé ẹni tó ń ṣe sikáànì dákẹ́ lójijì, mo sì rí i lójú rẹ̀. Wọ́n fi fáàfù tuntun sí i, ara mi ti yá sí i, ṣùgbọ́n oògùn tó ń mú kí ọkàn lù létòlétò ń bẹ lọ́wọ́ mi títí di òní, nítorí ọdún 16 yẹn.

Ìyá Tómi, ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ yàn, ẹ gba ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ náà, ẹ tọ́jú ẹ̀. Bí Tómi bá ti mọ̀wé kà dáadáa, ẹ kọ́ ọ ní orúkọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó ti tán.

ÌyáTómi
Ọjọ́ Ẹtì, 5:40 àárọ̀

Ọláòtán, mo sunkún. Ọlọ́run á bá yín ṣọ́ ọkàn yín. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mò ń mú lọ.

Eyín Tómi méjì ti jẹrà, ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un sì ni?

Nọ́ọ̀sìÀgbà
Ọjọ́ Ẹtì, 8:15 àárọ̀

Ó kàn án púpọ̀. Kòkòrò láti inú eyín lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ gúnlẹ̀ sórí fáàfù, ó sì lè jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín tọ́jú méjèèjì kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ọmọ náà ní àrùn fáàfù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ohun àtọwọ́dá bá wà nínú fáàfù rẹ̀, wọ́n á máa fún un ní oògùn apakòkòrò kan ṣoṣo kí wọ́n tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Dókítà yín ló máa sọ irú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀.

Fún sísọ, ẹ jẹ́ kí Ìyá Mofẹ́ sọ ọ́.

ÌyáMofẹ́
Ọjọ́ Ẹtì, 10:20 àárọ̀

Ẹ má parọ́ fún un pé kò ní dùn ún. Mo sọ fún Mofẹ́ pé wọ́n á kùn ún lóorun, kò ní mọ ohunkóhun, àmọ́ bó bá jí, rọ́bà máa wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń bá a mí, kò ní lè sọ̀rọ̀, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ rí. A jọ yan bó ṣe máa fi ìka sọ pé "ó ń dùn mí". Ó lò ó.

Ẹ̀yin náà ẹ múra sílẹ̀. Ó máa wú. Rọ́bà máa jáde láti àyà rẹ̀ tó ń fa omi àti ẹ̀jẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lè fi ti ọkàn bó bá ń lọ́ra. Mo dákú nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Wáyà ni wọ́n fi di egungun àyà pọ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó jinná. Títí dìgbà náà, ẹ má fi ọwọ́ sí abíyá gbé e sókè. Ọwọ́ kan sí ìdí, ọwọ́ kan sí ẹ̀yìn.

ÌyáTómi
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

A ti lọ, mo mú ìwé mi dání, bàbá rẹ̀ jókòó tì mí. Yàrá òsì rẹ̀ ti fẹ̀ gan-an láàárín ọdún méjì, wọ́n fi méjèèjì hàn wá lórí ojú ẹ̀rọ kan náà. Àtúnṣe la yàn. Mo béèrè ìbéèrè Ìyá Mofẹ́, dókítà dákẹ́ díẹ̀, ó ní bí àtúnṣe ò bá dáa lórí tábìlì, Ross ni yóò ṣe lọ́jọ́ yẹn, òun á sì ní kí fáàfù olóògbé wà nílẹ̀ kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo òbí ló ń bi òun bẹ́ẹ̀.

ÌyáTómi
Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn náà

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Àtúnṣe náà gbà. Wọ́n fi awọ ọkàn rẹ̀ fẹ ewé kan, ó ṣì ń jò, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, wọn ò nílò Ross. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, wọ́n lo wáyà yẹn, torí Ìyá Mofẹ́ ti sọ ọ́ fún mi, mi ò pariwo. Lọ́jọ́ kẹrin ó ti padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ 8 la lò. Wọ́n ti tún un wò, yàrá òsì ti ń súnkì. Ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ ti wà lọ́wọ́ mi, Ọláòtán.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ kìíní. Mo lọ ṣe echo, mi ò ní in. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní in. Bàbá rẹ̀ ní in. Ẹni ọdún 39 tí kò ṣàìsàn rí, ewé méjì ni tirẹ̀ náà, kò há, kò jò, àmọ́ aorta rẹ̀ ti fẹ̀ dé 42 milimítà. Wọ́n ní kò tíì tó iṣẹ́ abẹ. Kó máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má gbé ẹrù tó wúwo gan-an, kó máa wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún.

Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ yẹn, mo rí i. Tómi jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ṣàlàyé fún un pé jẹ́lì tí wọ́n máa fi pa á láyà máa tutù, ṣùgbọ́n kì í dunni, kó má kàn mira.